Òtútù Inú Àpò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tà

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ta ohun èlò òkè gígùn ní ìlú Prešov, mi ò sì gun òkè kankan rí tó ju àkàbà lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́. Kọ́tìnì ni mò ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnì kógbá wọlé, Ervín tó ni ṣọ́ọ̀bù ohun èlò òkè gbà mí sí tirẹ̀ torí pé mo mọ èèyàn-án rẹ́rìn-ín sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọkùnrin kan mú àpò ìsùn kan, irú èyí tí àwọn tó ń pàgọ́ máa ń wọnú rẹ̀ bí ẹ̀pà inú èèpo. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti sùn nínú ẹ̀ rí?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó rà á lójú ẹsẹ̀.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ò sì dà bíi kọ́tìnì téèyàn lè gé sí ìwọ̀n fèrèsé. Ó kàn ń gùn sí i ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, alẹ́ kan péré ni mo sùn lórí òkè Čergov, nínú òtútù ìwọ̀n márùn-ún nísàlẹ̀ òdo. Lọ́dún kẹta, òtútù ọ̀hún ti di méjìlá. Nígbà tó fi máa pọ́dún mẹ́fà, ó ti di méjìdínlógún, ìkookò kan sì ti yọjú lẹ́nu àgọ́ mi, ó fi imú fín mi, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìkookò yẹn bá wa tajà ju gbogbo ìpolówó tí Ervín ń gbé sínú ìwé ìròyìn lọ.

Ọkọ mi, Vendelín, tó máa ń gé Otília tí mo ń jẹ́ kúrú sí Otka, mọ̀ pé bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ni mo fi ń bora nínú oṣù Kẹfà tí ooru ń mú. Á ní, "Otka, ìkookò tó fimú fín ẹ yẹn, ṣé kì í ṣe ajá Ìyá Hudáková ìsàlẹ̀ ilé?" Èmi á ní kó fi mí sílẹ̀, iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀ kọ́wọ́ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni Bàbá Bartolomej Kandráč. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù wa lọ́sẹ̀ kejì oṣù Kìíní, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ó tẹ́ẹ́rẹ́, etí rẹ̀ fẹ̀, fìlà onírun tó dé sórí sì ti gbó jù mí lọ. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Kò wakọ̀ rí, kò já tíkẹ́ẹ̀tì rí. Òun ni wọ́n máa ń rán kó fẹsẹ̀ rin ojú irin láràárọ̀, kó máa wò bóyá ìdè kan tú tàbí irin kan sán.

Mo ta àgọ́ fún un, mo ta àpò ìsùn, mo ta sítóòfù kékeré onígáàsì. Mo sọ ìtàn ìkookò. Bàbá fara balẹ̀ gbọ́ ọ látòkè délẹ̀.

Ó ní, "Ìkookò yẹn, apá ibo ló gbà lọ?"

"Apá ìwọ̀ oòrùn, Bàbá."

"Hẹn-ẹn. Ẹ̀yin náà wá padà sùn?"

"Bí ọmọ ọwọ́ ni mo sùn, Bàbá. Inú irú àpò yìí gan-an."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. Ó gbẹ́rù rẹ̀, ó lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tún dé. Ṣọ́ọ̀bù kún lọ́jọ́ náà. Bàbá ṣí fìlà, ó dúró sáàárín èrò bí ẹni tó fẹ́ ka ìkéde.

"Ìyáàfin Otília, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín. Ọmọ mi obìnrin, Dorota, nọ́ọ̀sì ni. Ó ní bí mo bá dá lọ sórí òkè Minčol lọ sùn nínú yìnyín, òun á ti bàtà mi mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, òun á gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo wá ròyìn yín fún un. Ìwọ̀n méjìdínlógún nísàlẹ̀ òdo, ìkookò, gbogbo ẹ̀ pátá. Ó ní tó bá jẹ́ obìnrin yẹn ló máa bá mi lọ, òun gbà. Sátidé tó ń bọ̀ ni, ká padà lọ́jọ́ Àìkú."

Mo lanu. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ tí mo máa fi sí i, ọ̀gá mi ti kígbe láti ẹ̀yìn káńtà.

"Á lọ o! Bàbá, ẹ tún ń bẹ Àǹtí Otília kẹ̀? Orí òkè nilé wọn! Àǹtí, mo fún yín láyè ní Sátidé."

Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́. Ó wù mí kí n sọ pé orúnkún ń dùn mí, àmọ́ orí àkàbà ni mo wà, páálí bàtà mẹ́rin sì wà lápá mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín nìkan ni iṣẹ́ tí mo mọ̀.

Nígbà tí mo délé sọ fún Vendelín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bá mi di ẹrù. Mo kó àpò ìsùn kan láti ṣọ́ọ̀bù, mo kó ìrọ̀rí mi, mo kó rọ́bà omi gbígbóná tí mo máa ń gbé sábẹ́ ẹsẹ̀ sùn, mo kó gúláàṣì, ọbẹ̀ ẹran tó ki, sínú ìgò ńlá méjì, mo kó aṣọ ìnura mẹ́ta. A gbé àpò ẹ̀yìn náà lórí ìwọ̀n: kílò mọ́kàndínlógún.

Vendelín ní, "Otka, ṣé o fẹ́ gun òkè ni àbí o fẹ́ kó kúrò nílé?"

Èyí tó wá burú jù ni ti bàtà. Gbogbo ẹni tí mo tíì ta bàtà òkè fún ni mo ti fìka ṣe kìlọ̀kìlọ̀ fún pé, "Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì o, kó mọ ẹsẹ̀ yín." Ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, mo mú tuntun kan kúrò lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

A wọ bọ́ọ̀sì aago méje. Àpò aṣọ líle àtijọ́ kan ló wà lẹ́yìn Bàbá, ó kéré débi tí mo fi bi í pé ibo ló kó àgọ́ sí. Ó ní abẹ́. Ó ní òun kó àlùbọ́sà, búrẹ́dì, okùn, àti slanina, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iyọ̀ àti èéfín pa lára dà. Ó wo àpò tèmi. Ó tún un wò.

A sọ̀ ní abúlé tí ọ̀dà parí sí. Yìnyín ti bo oko, ó ti bo òrùlé, afẹ́fẹ́ sì ń gé èèyàn létí. Mo rántí pé èmi ni amọ̀nà. Mo bọ́ síwájú, mo ń gbé ẹsẹ̀ gàgàrà bí ọmọ ogun tí wọ́n ń wò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, mo dúró, mo ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, kò yára, kò dúró, bíi aago ara ògiri. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

"Kí lẹ̀ ń wò, Ìyáàfin Otília?"

"Afẹ́fẹ́ ni mò ń wò, Bàbá. Ó yẹ kéèyàn mọ ibi tó ti ń fẹ́."

"Ó ń fẹ́ láti iwájú," ó ní, ó kọjá lọ.

Mo sáré bá a, mo kọjá rẹ̀, mo tún dúró. Ó tún bá mi. Mo ní bí yìnyín ṣe jìn tó ni mò ń wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní orin ẹyẹ ni mò ń gbọ́. Kò sí ẹyẹ kankan nínú gbogbo igbó yẹn. Bàbá tilẹ̀ dúró tì mí, ó dẹtí sílẹ̀ pẹ̀lú mi, ó mi orí, ó ní, "Ohùn ẹ̀ dáa."

Kó tó di ọ̀sán, gìgísẹ̀ mi méjèèjì ti bó. Gbogbo ìgbésẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi sáńpépà ha mí. Ìgò gúláàṣì ń gbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, wọ́n sì ń gbá ara wọn nínú àpò, kọ̀ǹ, kọ̀ǹ, bí agogo ọrùn màlúù. Mo wá ń ronú àwọn ọ̀rọ̀ dídùn tí mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà. "Tí ẹ bá ti dé inú igbó, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan kan." Ọlọ́run, dárí jì mí. Obìnrin kan tó lóyún wà nínú àwọn tí mo sọ ọ́ fún.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, a dé etí pápá gbayawu kan lábẹ́ góńgó òkè. Ẹsẹ̀ mi kọ̀ jálẹ̀. Mo sọ àpò kalẹ̀, mo fi ohùn ṣọ́ọ̀bù sọ pé, "Bàbá, ibí yìí gan-an ló dáa jù láti pàgọ́."

Bàbá gbójú sókè. Orí wa gan-an ni ẹ̀ka igi gbígbẹ kan ti rọ̀ dirodiro.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀n... tọ́hùn-ún ló dáa jù," mo ní. A sún sọ́hùn-ún.

Ẹ gbọ́ ohun tí mi ò tíì sọ. Láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ ni àgọ́ kan ti wà ní pípa láàárín ṣọ́ọ̀bù wa. Ervín ló pa á. Èmi ń gbálẹ̀ yí i ká ni, mo sì máa ń nu eruku orí ẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo mọ bó ṣe rí tó bá ti dìde tán. Bó ṣe ń dìde ni mi ò mọ̀.

Mo tú u sílẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin jáde, kò sí méjì tó bára dọ́gba. Mo ti ọ̀kan bọ ihò, ó yọ ní òdìkejì. Mo fi òkúta tẹ etí ẹ̀, yìnyín gbé òkúta mì. Bàbá jókòó sórí àpò rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ìjì kan fẹ́, aṣọ òkè àgọ́ náà yọ lọ́wọ́ mi, ó wú bí èèyàn sísanra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì.

Mo fò mọ́ ọn. Mo bá a. Àmọ́ kò dúró. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ, mo dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀, ó ń yọ̀ lórí yìnyín wìì, ìwọ̀n ogójì ẹsẹ̀ bàtà, títí igbó ẹlẹ́gùn-ún kan fi gbà wá. Yìnyín kún ẹnu mi. Ẹ̀gún kọ ilà sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìgbà tí mo wọ́ aṣọ náà gòkè padà, ẹkún ló ń jáde lójú mi, kò sì sí irọ́ kan tó kù lẹ́nu mi mọ́.

"Mi ò sùn sórí òkè rí, Bàbá!" Igbe ni mo fi sọ ọ́. "Mi ò rí ìkookò rí! Kọ́tìnì ni mò ń tà!"

Bàbá ti yọ ọ̀bẹ, ó ń gé àlùbọ́sà sórí búrẹ́dì.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí mo wá rajà ni mo ti mọ̀. Lọ́dún kan, yìnyín bo ọkọ̀ ojú irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn abúlé Kysak. Òru méjì ni àwa méje fi sùn nínú àtíbàbà tí kò ní ilẹ̀kùn. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá fẹ́ sọ ọ́, ìdí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. 'Ìdí mi, ẹ̀yin èèyàn, ìdí mi dì.' Ẹ̀yin ní ẹ sùn bí ọmọ ọwọ́. Ẹni tó sùn nínú yìnyín rí kì í sọ bẹ́ẹ̀."

Ojú tì mí débi pé ara mi móoru.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi mú mi wá?"

Ó gbé búrẹ́dì náà fún mi kó tó dáhùn. "Ta ni mi ò bá mú wá? Àwọn ẹgbẹ́ mi tó mọ òkè, àwọn kan ti kú, àwọn tó kù ò lè gbẹ́sẹ̀. Bí mo bá mú akọni òkè kan dání, bó bá ti rẹ̀ mí díẹ̀, á ní ká padà. Mo wá rò ó pé, ta ni Dorota máa fọkàn tán, tí kò sì ní lè pàṣẹ fún mi?" Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹni tí mo bá ní irọ́ ẹ̀ lápò ni."

"Bàbá! Ẹ̀yin yìí burú o!"

"Mo burú díẹ̀. Ẹ jẹun."

Inú bí mi. Mo jẹun tìbínú-tìbínú. Mo bi í pé kí ló ń wá lórí Minčol gan-an. Ó ní látojú fèrèsé ilé ìdáná òun lòun ti ń wò ó láti ọjọ́ tí òun ti gbéyàwó, àmọ́ gbogbo ìrìn òun láyé, orí ilẹ̀ títẹ́jú ni, láàárín irin méjì. Òun fẹ́ gòkè lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá fi okùn rẹ̀ so àgọ́ mọ́ igi méjì. Ó wọ́ lápá kan, ó sì dà bí adìẹ tí òjò pa, ṣùgbọ́n ó dúró. Ó se yìnyín di omi lórí sítóòfù, ó po tíì, ó ní kí n jẹ slanina kí n tó sùn, ó ní ọ̀rá ni igi ìdáná inú ara. Mo ní rárá, mo ń dín ọ̀rá jíjẹ kù. Mo rọ omi gbígbóná sínú rọ́bà mi, mo gbé e wọnú àpò ìsùn, inú mi ń dùn pé ó kéré tán mo gbọ́n níbì kan.

Mi ò dé e pa. Láàárín wákàtí kan, omi ti dà sí mi lẹ́sẹ̀. Láàárín wákàtí méjì, ìbọ̀sẹ̀ mi ti ń ró bí páálí.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì tí mo so mọ́rí láti wo àpò náà, bóyá wọ́n ta ayédèrú fún wa ni. Nọ́ńbà ńlá tí mo máa ń fìka tẹ̀ fún oníbàárà wà níbẹ̀: ogún nísàlẹ̀ òdo. Lábẹ́ ẹ̀, lẹ́tà tín-tìn-tín kan wà tí mi ò kà rí. Ó ní nínú òtútù tó tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nínú àpò yìí kò ní tíì kú kí wákàtí mẹ́fà tó pé. Wọn ò sọ pé á sùn o. Wọn ò sọ pé ara á tù ú. Òtútù alẹ́ ọjọ́ náà ò sì ju mẹ́jọ lọ, mẹ́jọ péré, eyín mi sì ń gbára wọn bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ táípù.

Mo dùbúlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn oníbàárà níkọ̀ọ̀kan. Tọkọtaya tó lọ lo ìsinmi ìgbéyàwó wọn lórí òkè, ẹ má bínú. Fadá tó kó àwọn ọmọ akọrin lọ, Fadá, ẹ má bínú. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ní òun máa kọ lẹ́tà sí mi tí kò sì kọ, mo gbàdúrà pé kó wà láàyè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá ń hanrun bí ọkọ̀ akẹ́rù. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Bàbá. Ìdí mi ń dì."

Ó la ojú kan. "Ẹ ò rí i? Ẹ ti di ará òkè." Ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì ológun kan yọ lábẹ́ ara rẹ̀, ó jù ú lé mi, ó tún na slanina sí mi pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mo jẹ ẹ́ tán tawọtawọ. Mo jẹ awọ.

Lówùúrọ̀, bàtà mi ti dì gbagidi. A ní láti mú wọn lé orí sítóòfù bí ẹni ń yan àgbàdo. Kùrukùru bo gbogbo nǹkan. Mo rò pé ó ti tán, a máa padà, àmọ́ Bàbá ti di àpò rẹ̀, ó ti kọjú sókè. Mo fi ọ̀bẹ ha gúláàṣì tó ti di òkúta jáde, mo dà á nù, mo fi ìgò sínú àpò, mo tẹ̀ lé e.

Wákàtí kan àtààbọ̀ la fi gun un. Yìnyín dé orúnkún. Lónìí, èmi kọ́ ni mò ń sáré síwájú. Ojú ẹsẹ̀ Bàbá ni mò ń tẹ̀. Mo sì ṣàkíyèsí pé ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń kúrú. Nígbà tó ṣe, ó dúró. Ó wá jókòó sínú yìnyín, jẹ́jẹ́, bí ẹni jókòó ti ọ̀rẹ́.

"Àyà ń dùn yín ni?" Ìpayà mú mi.

"Kò sí nǹkan tó ń dùn mí. Ẹsẹ̀ ló parí. Ẹ lọ, Otília, kẹ́ ẹ bá mi wò ó, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bó ṣe rí."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "Ìyáàfin" kún un. Mo wo òkè. Igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi sàmì orí góńgó ń hàn fìrí nínú kùrukùru. Ká sòótọ́, ẹsẹ̀ tèmi náà ti parí láti àná, inú mi ì bá sì dùn kí a jọ padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá lọ tí mo wá ròyìn fún un, ta ló máa gbà mí gbọ́? Kì í ṣe Bàbá yìí.

Mo ní, "Bàbá, láti ibí dé ìdí igi yẹn, tó bá jẹ́ ojú irin ni, igi ìdábùú abẹ́ irin mélòó ló máa wà níbẹ̀?"

Ó gbójú sókè. Ó dijú ìdajì, ojú ẹni tó ti fẹsẹ̀ ka igi ìdábùú fún ọdún méjìdínlógójì.

"Igba. Igba ó lé ogún."

"Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọgọ́jọ."

"Ọgọ́jọ bàwo? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta kọ́tìnì! Igba ó lé ogún!"

"Ẹ dìde ká fẹsẹ̀ kà á nígbà náà."

Ó dìde. Mo gbé àpò rẹ̀ kọ́ àyà, tèmi wà lẹ́yìn, mo dà bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ olónígi. A ń kà á sókè. Ní ọgọ́ta, ó dúró mí. Ní ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ, ó ní mo fo ọ̀kan, mo ní mi ò fo ọ̀kan, a fi ìjà sinmi díẹ̀. Ní ọgọ́jọ, mo dákẹ́ nítorí ìtìjú, òun nìkan ló ń kà á lọ. Ní igba ó lé mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ kan igi àmì náà.

"Ẹ fi mẹ́sàn-án ṣì í," mo ní.

"Yìnyín ni," ó ní. "Ó máa ń sún wọn pọ̀."

A dúró lórí Minčol. Kùrukùru níwájú, kùrukùru lẹ́yìn. A ò rí àwọn òkè Tatra, a ò rí ìlú, a ò rí ju ìbọ̀wọ́ ara wa lọ. Bàbá yí ká lẹ́ẹ̀kan.

"Ibi tó wà náà nìyí?"

"Ibẹ̀ náà ni, Bàbá."

"Fèrèsé mi ò hàn."

"Kò sí ohun tó hàn."

Ó mi orí, ó yọ ìgò kékeré kan láti inú àyà, ọtí líle slivovica tí wọ́n fi èso ṣe, a mu ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tá a fi wà níbẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí inú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo tún sunkún, àmọ́ mo ní afẹ́fẹ́ ni, Bàbá sì jẹ́ kí n jẹ irọ́ yẹn gbé.

Ìdí ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ga jù. Nígbà tá a dé abúlé, ilé ọtí tó wà níbẹ̀ ló gbà wá. Mo ti mu abọ́ ọbẹ̀ ááyù méjì, oorun ń gbé mi, mo ń gbá orí sí tábìlì bí ẹni tó ń kíni, nígbà tí Dorota tó wá fi mọ́tò gbé bàbá rẹ̀ wọlé. Obìnrin gíga ni, etí bàbá rẹ̀ lórí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. Digbí ni Bàbá wà. Lẹ́yìn náà ló wo èmi: ojú híha, irun tó dì papọ̀, ẹsẹ̀ kan tí mo nà sórí àga.

"Bàbá," ó ní, "kí lẹ ṣe fún obìnrin yìí?"

Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà mi kí n tó lè kọ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀. Ojú rẹ̀ le.

"Ta ló ta bàtà yìí fún yín?"

"Èmi ni," mo ní.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín débi pé ọbẹ̀ há a lọ́fun. Dorota ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé mo tún lè fi ẹ̀rín bò ó, kí n ní yìnyín ló fà á. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan ti kọ́tìnì.

Kò pariwo. Ó bá mi nu gìgísẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Tí Bàbá bá ṣubú lulẹ̀ lókè yẹn ńkọ́? Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Èmi mọ ohun tí mò ń ṣe," Bàbá ní.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá. Ti yín ń bọ̀."

Ó fi mọ́tò gbé wa délé. Ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní kí n wá sí ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí òun pààrọ̀ báńdééjì, torí ó dájú pé èmi fúnra mi ò ní ṣe é dáadáa.

Mo lọ. Ó pààrọ̀ báńdééjì, ó ní kí n máa lọ. Ìṣẹ́gun kejì, ó fún mi ní tíì, ó sì ní bàbá òun ti ròyìn igba ó lé mọ́kànlá fún gbogbo àdúgbò, ó ti sọ ọ́ di ọ̀ọ́dúnrún báyìí. Ìṣẹ́gun kẹta, gìgísẹ̀ mi ti san. Ó fọ ọwọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń nu ìka níkọ̀ọ̀kan.

"Mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀," ó ní. "Ojú irin nìkan ni Bàbá máa ń mú mi rìn ní kékeré. Mi ò gun òkè kankan rí."

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè ṣáájú ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi."

Ó yíjú sí mi.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣáájú? Èmi ni mo máa ṣáájú. Búrẹ́dì lẹ máa gbé."